“Ọkàn Mi Kò Sí Níbẹ̀”: Níbo Ni Ó Gbé Wà?

Ọ̀ràn tí ó wà lẹ́nu wa kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni àwọn kan fi gbà á nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. A wà ní ìpàdé, a ń yẹ ìwé ilẹ̀ kan wò, ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún gbogbo ìlú. Gbogbo wa ti rò pé ọdún mẹ́sàn-án ni a fi yá oníṣòwò tí ó wá tọrọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka ìwé náà sókè, ọdún 99 ni ó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ àwọn àgbà mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀. A bi ọ̀kan nínú wọn léèrè, ẹni tí àwa bọ̀wọ̀ fún, tí a kò sì ní dárúkọ níhìn-ín, bí ó ti ṣe fi ọwọ́ sí i. Ó ní: “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan mi orí, ìpàdé sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwa kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Bí bàbá náà bá ní òun gba ẹ̀bùn ni, gbogbo ilé ìbá dìde sí i. Bí ó bá ní òun kò mọ̀wé ni, a ìbá bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ní ọkàn òun kò sí níbẹ̀, ńṣe ni a ṣàánú rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa lójú ọ̀nà, bí ẹni pé láti òkè ni nǹkan kan ti já lù ú tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò gba ilẹ̀ náà padà, bí ó bá rí i gbà. Ìdáríjì tí ó wọ́n tó báyìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí a torí rẹ̀ fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti wà nínú èdè wa. Ìgbàgbé ni kí ènìyàn mọ nǹkan, kí ó sì sọ ọ́ nù fún ìgbà díẹ̀. Bí iyè ẹni bá rá, ohun tí ó wà lórí ètè rẹ̀ ni ó sá padà sínú. Arúgbó tí ń ṣarán, aláìsàn tí ibà ń bá jà, opó tí òkú ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́jọ́, nítorí àìsàn àti ọ̀fọ̀ kì í tọrọ àyè kí wọn tó gba ọkàn ẹni. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni à ń bá wí. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ là, tí a pè síbi ọ̀ràn, tí ó wá, tí ó jókòó, tí ó ń mi orí, tí ó ń wí pé “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,” tí kò sì sí níbẹ̀.

Yorùbá kò wí pé ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣófo. A ní kò sí níbẹ̀. Ohun tí kò bá sì sí níhìn-ín, ó ní ibi tí ó wà. Bí a bá dé ilé ọ̀rẹ́ wa tí a ní “Baálé ńkọ́?” tí aya rẹ̀ dáhùn pé “Kò sí nílé,” a kì í ká ọwọ́ lérí kí a máa sunkún, ńṣe ni a ń béèrè pé, “Ibo ni wọ́n lọ?” Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà tí a kì í béèrè ibi tí ó lọ bẹ́ẹ̀, ẹni náà sì ni òkú. Òun nìkan ni èdè wa pè ní aláìsí láìfi ibi kankan kún un. Nítorí náà, alààyè tí ó bá sọ fún wa pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀ ti jẹ wá ní gbèsè ìdáhùn kan, gbèsè náà ni a kò sì bèèrè lọ́jọ́ ìpàdé. Ibo ni ó lọ?

Àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀ràn wíwà níbẹ̀ ṣeré. Ẹ wo ìkíni wa. Ẹni tí ó bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́ a ní “Ojú gbooro o”, ẹni tí ó bá aláró nídìí ìkòkò rẹ̀ a ní “Àrẹ̀dú o”, ẹni tí ó pàdé ọdẹ a ní “Àrìnpa o.” Ẹni tí ó jókòó ní tirẹ̀, ẹni tí ó dúró ní tirẹ̀, ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé ní tirẹ̀, ẹni tí a bí ọmọ fún àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í gba kíkí kan náà. Kí ènìyàn tó la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ ti wo ẹni tí ó fẹ́ kí, kí ó mọ ibi tí ó wà, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ọmọ tí ó bá fi kíkí ọdẹ kí aláró, àwọn àgbà kì í sọ pé kò gbọ́ èdè. Wọn a ní kò fojú sílẹ̀. Nísinsìnyí, “báwo ni” kan ṣoṣo ni a fi ń kí gbogbo ayé, a sì ń sọ ọ́ nígbà tí a ti kọjá lára ẹni náà tán.

Nígbà tí a ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láàárín ara wa, ọ̀mọ̀wé kan dá wa lóhùn pé àmì ọgbọ́n ni, pé àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ni ọkàn wọn kì í sí nílé. Ó fi Archimedes ará Sirakúsì ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ìtàn sọ pé ó ń ya àwòrán ìṣirò lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ-ogun Róòmù kan pa á, ní ọdún 212 kí a tó bí Jésù. Àwa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àpẹẹrẹ náà, ṣùgbọ́n kò kà á dé ìparí. Archimedes kan náà ni ó ṣe àwọn ẹ̀rọ ìjà tí kò jẹ́ kí Róòmù tètè rí ìlú rẹ̀ gbà. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí odi ìlú kí ó tó lọ sórí àwòrán. Ẹ̀wẹ̀, ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ nínú rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a forí ji òun bí a ti ń forí ji Archimedes, kí ó mú àwòrán tirẹ̀ wá kí a wò ó.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ọ̀mọ̀wé, a ní wọn nílẹ̀ yìí kí ìwé tó dé. Babaláwo kọ́ odù 256 àti ẹsẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ó bá tẹ ẹyọ kan lórí ìyẹ̀ròsùn níbi tí ó yẹ kí ó ti tẹ méjì, odù mìíràn ni ó tẹ̀ yẹn, ẹni tí ó wá béèrè ọ̀ràn ìrìn àjò sì lè gba ìdáhùn tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé. Kò sí ẹni tí ó ń fi ìgbàgbé yin babaláwo. Kí ẹni tí ó kàwé jù máa fi rírìn bí ẹni tí kò sí nínú ayé ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ̀wù tí a yá ni, kò sì bá wa lára mu.

Àwíjàre yìí ti pẹ́ láyé, àwọn tí ó lágbára ju àgbà wa lọ sì ti fi bora. Ní ọdún 1883, John Robert Seeley, olùkọ́ ìtàn ní Cambridge, tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní The Expansion of England. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi yé àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ pé bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ìdajì ayé. Kí a má ṣe purọ́ mọ́ ọn: ìbáwí ni ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó dùn ún pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tíì mọ bí ilẹ̀ ọba wọn ti gbòòrò tó, pé erékùṣù kékeré nìkan ni ó ṣì wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí ju ìbáwí inú rẹ̀ lọ, a sì ń tọ́ka sí i títí di òní bí ẹni pé ilé aládùúgbò ni ọkùnrin kan ṣèèṣì wọ̀ lóru, tí ó sì sun ibẹ̀ mọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wò lára Èkó. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn sí Èkó títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1861, Lord John Russell, ẹni tí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé sí aṣojú ìjọba rẹ̀ ní Èkó pé kí a gba ìlú náà, ó sì ka ìdí rẹ̀ sílẹ̀: kí òwò ẹrú lè tán pátápátá, kí òwò tí ó tọ́ lè gbilẹ̀, kí a sì lè dá Ọba Dàhòmì lẹ́kun. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fi àmì ọwọ́ rẹ̀ sí ìwé, ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà nítòsí pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tí ó wà láàárín: márùndínláàádọ́ta ni.

Ẹni tí ó ní ìdí mẹ́ta, tí ó ní ọkọ̀ ogun, tí ó ní ìwé lọ́wọ́ kí ó tó bá ọba jókòó, ọkàn rẹ̀ ha kò sí níbẹ̀ bí? Ó wà níbẹ̀ ṣáká. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ará Lọ́ńdọ̀nù tí ó jókòó sílé tí ń mu tíì, tí kò mọ apá ibi tí Èkó wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó gba Èkó. Báyìí ni ó máa ń rí nínú ìjọba: ọ̀pọ̀ kì í sí níbẹ̀, àwọn díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ a ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ ìbéèrè, wọn a ti ọ̀pọ̀ síwájú kí wọ́n wá búra pé àwọn kò mọ̀. Àwa kò sì bú Dòsùnmú. Ìbọn ńlá wà ní iwájú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí a fi ipá mú, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì kó àwọn méjèèjì pọ̀ ń ṣe ojúsàájú sí èkejì.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ dúró síhìn-ín, inú wa yóò dùn, nítorí a ó ti bú Òyìnbó tán, kò sì ní kan ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà kàn wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861 yẹn, níbo ni ọkàn àwọn baba wa wà? Ó wà ní Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí Adélù Àrẹ̀mọ rẹ̀ gun orí ìtẹ́, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn ní àwọn gba Adélù ní ọba. Ní ọdún 1860 ogun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Oṣù Kẹta ọdún 1862 ni ìlú náà tó fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn, tí Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá jẹ́ aṣáájú wọn, ń wá ọ̀nà àtifọ́ Ìjàyè, ogun Ẹ̀gbá sì dojú kọ wọ́n.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń sùn. Ọ̀ràn adé ni wọ́n ń jà lé lórí, ọ̀ràn àṣà, ọ̀ràn ẹni tí yóò jẹ́ Aláàfin lórí gbogbo wọn, ẹni tí ó bá sì pè wọ́n ní òmùgọ̀ kò mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ohun tí à ń wí ni pé ọkàn wọn kún fún ibì kan tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí àyè fún ibòmíràn. Ibòmíràn náà sì ni etí òkun, ẹnu ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù tí wọ́n fi ń ja ìjà wọn ń gbà wọlé. Ẹni tí ó di ẹnu ọ̀nà náà mú kò pẹ́ tí ó fi di onílàjà wọn, lẹ́yìn ìlàjà ó di ọ̀gá. A kò ní ka Ìmàgbọ̀n ti ọdún 1892 mọ́ èyí. Ìjẹ̀bú wà lójúfò níbẹ̀ tọkàntara. Ìbọn ni kò dọ́gba, àwa kì í sì í fi ẹ̀bi àìsí níbẹ̀ kan ẹni tí ó dúró tí a sì borí rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì ọ̀ràn náà, kí ó má baà dà bí ẹni pé ìbú nìkan ni a mọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni a kó lẹ́rú gba inú òkun lọ sí Brazil àti Kúbà ní ìgbà àwọn ogun wọnnì. Ara wọn kò sí nílé, kò sì sí ìrètí pé yóò padà. Ní Salvador, ní ilẹ̀ Bahia, ilé òrìṣà kan wà tí a ń pè ní Casa Branca. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò. Ẹ̀yin ìjòyè mọ ohun tí Ìyá Nasò jẹ́: oyè ààfin Ọ̀yọ́ ni, ti obìnrin tí ń ṣe ìtọ́jú Ṣàngó fún Aláàfin. Àwọn obìnrin tí a tà bí ọjà, tí kò ní ààfin, tí kò ní ọba, tí òfin ilẹ̀ náà kò ka òrìṣà wọn sí nǹkan kan, gbé oyè náà dúró ní òdìkejì òkun, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, ọmọ wọn sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1984, àwọn aláṣẹ tí ń tọ́jú ohun àjogúnbá ilẹ̀ Brazil dìbò pé kí a fi ilé náà sábẹ́ ààbò òfin. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń kọ orin níbẹ̀ ni ó mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde; ọjọ́ ti pẹ́, omi sì pọ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé níbo ni ọkàn yín wà, wọn yóò mọ ohun tí wọn yóò sọ.

Àwa tí a kò tà ńkọ́? A ní ìjòyè tí ó gba oyè ìlú yìí ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, tí kò tíì jókòó síbi ìdájọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, ọjọ́ ọdún ìlú ni ó ń wá, a ó lu ìlù fún un, yóò ná owó, yóò ya fọ́tò, ní ọjọ́ kejì ọkọ̀ rẹ̀ ti dé ojú títì. A kò bá ẹni tí ó lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wí. Ìbáwí wa ni pé ó gba oyè tí ó ní iṣẹ́ nínú, ó sì mú kìkì fìlà rẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwa tí a wà nílé máa yọ̀, nítorí tiwa burú jù ú lọ. Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò tàn wá jẹ, gbogbo wa ni a rí i pé àga rẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n àwa jókòó sórí àga, a wọ agbádá tí apá rẹ̀ gbòòrò, lábẹ́ apá agbádá náà ni fóònù wà, àtàǹpàkò ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń rò pé òun ní olùgbọ́ méjìlá. Ní ìpàdé kan ní ọdún tí ó kọjá, a dìbò lórí ọ̀ràn omi ẹ̀rọ, ìjòyè kan na ọwọ́ sókè fún bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tún na ọwọ́ sókè fún bẹ́ẹ̀ kọ́. A kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé gan-an kọjá ilẹ̀ ọjà àti omi ẹ̀rọ. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, ayé kà á. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè yìí jókòó ní Àkúrẹ́, ìlànà náà sì wọmi. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sì kéde ní Àbújá, níbi àpérò kan tí British Council pè lórí ọ̀ràn èdè ní Áfíríkà, pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ọdún mẹ́ta péré ni ó lò láyé. Àwọn tí ó fagi lé e ní ìdí tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́: wọ́n ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bí ìdí náà tọ́ tàbí kò tọ́, àwa ní èrò tiwa, ṣùgbọ́n ọkàn wọn wà níbẹ̀.

Níbo ni tiwa wà? Ìpàdé náà kò jìnnà. Àkúrẹ́ kì í ṣe ìdàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé ìlànà náà ti dé ní ọdún 2022, ẹni tí kò sì mọ ìgbà tí àlejò wọlé, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí a lé e jáde? Kò sí ìwé ìṣirò lédè Yorùbá tí ẹgbẹ́ wa tẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kan láàárín ọdún mẹ́ta náà, kò sí olùkọ́ kan tí a ràn lọ́wọ́. Ìwé oṣooṣù yìí kan náà kò jẹ́wọ́ ara rẹ̀ ní mímọ́: ní oṣù tí a fagi lé ìlànà náà, ojú ewé mẹ́rin ni a fi ṣàlàyé aṣọ ẹbí ayẹyẹ ọdún wa, a kò sì kọ ìlà kan nípa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, ìdáhùn wa kò jìnnà. Ọkàn wa wà lórí bí ohùn ọmọ wa yóò ti dún lẹ́nu bí ti ọmọ Òyìnbó, lórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, lórí físà. Kí a jẹ́wọ́ rẹ̀, kí a yéé pè é ní ìgbàgbé.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ayé le, pé owó epo, àìsí iná, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà, àti ọ̀ràn ọmọ tí kò ríṣẹ́ ni ó gba gbogbo ọkàn ènìyàn, tí kò sì sí èyí tí ó kù fún ìpàdé. Òtítọ́ ni fún alágbàṣe tí ó ti òwúrọ̀ jáde, a kò sì pè é sí ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìjòyè kò rí bẹ́ẹ̀. Ó du oyè náà, àwọn mìíràn sì bá a du ú. Orí ni a fi ewé akòko lé ní ọjọ́ ìwúyè, kì í ṣe ara ìgbẹ́rí aṣọ. Láti ọjọ́ náà, tí ọ̀ràn ìlú bá wà nílẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́ tí ó fi lè rán an níṣẹ́ síbi tí ó bá wù ú. Bí ọ̀ràn ilé rẹ̀ bá wúwo lọ́jọ́ náà, kí ó dìde, kí ó wí pé “Ẹ̀yin ará, n kò lè ṣe é lónìí,” kí ó máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí i, yóò sì ti gba ìlú là lọ́wọ́ ìfọwọ́sí kan.

Nítorí náà, a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ bàbá wa tí ọ̀rọ̀ kàn, àti àwọn méjì yòókù tí ọwọ́ wọn wà nínú ìwé náà, kí wọ́n wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. A ó ka ìwé ilẹ̀ náà lédè Yorùbá láti òkè dé ilẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ bí a ti ń kà á. Agbọ̀n yóò wà lẹ́nu ọ̀nà fún fóònù, olórí ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún wí láti ọjọ́ náà lọ pé ọkàn òun kò sí níbẹ̀, a ó bi í ní ibi tí ó wà, a ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. A ti ránṣẹ́ sí oníṣòwò náà pẹ̀lú. Ó ti dáhùn pé òun yóò wá, pé agbẹjọ́rò òun ń bọ̀ pẹ̀lú òun. Láti ìgbà tí a ti mọ àwọn méjèèjì, wọn kò pẹ́ dé rí.